Igbó Achimota, òkè Shai àti ọ̀sà Sakumo: Kí ni ojú àwọn onílẹ̀ rí lẹ́yìn tí ìjọba fọgbà yí ilẹ̀ wọn ká ní Accra?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ìwé ìjọba kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ lórí ayélujára ní Ghana. Ìwé náà kò gùn, àmọ́ awuyewuye tó dá sílẹ̀ ní Accra pọ̀ débi pé mínísítà ní láti jáde wá bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀.

Nọ́mbà ìwé náà ni E.I. 144. Ohun tó sọ ni pé láti ọjọ́ Kìíní oṣù náà, apá kan igbó Achimota tó fẹ̀ tó 361 éékà kì í ṣe igbó ọba mọ́.

Inú bí àwọn ará ìlú. Achimota ni igbó ńlá tó ṣẹ́kù láàrin ìgboro, ní ẹkùn Greater Accra tí iye èèyàn inú rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù márùn-ún nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè ni pé ṣé ìjọba fẹ́ ta igbó náà ni.

Mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nígbà náà, Samuel Abu Jinapor, ní rárá. Ó ní etí igbó ni ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn wà, pé wọ́n ti kọ́lé sí ibẹ̀ tipẹ́, àti pé kí ìjọba tirẹ̀ tó dé ni ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀. Ó tún dárúkọ àwọn tí ilẹ̀ náà ń padà sọ́dọ̀ wọn: ìdílé Owoo, ìyẹn àwọn ará Ga tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn ní nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Nínú gbogbo ariwo ọjọ́ náà, apá yìí ni àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jù lọ tìfura-tìfura, òun náà sì ni wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ kéré jù. Ta ló ni igbó Achimota kó tó di igbó? Ta ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ fún?

Ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ dé

Gordon Guggisberg ni gómìnà Gold Coast, bí wọ́n ṣe ń pe Ghana nígbà náà, láti ọdún 1919 sí 1927. Ó fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan tí ọmọ adúláwọ̀ yóò ti kàwé láti ìpele jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Òun, àlùfáà A. G. Fraser àti Ọ̀mọ̀wé James Kwegyir Aggrey ni ìtàn mọ̀ sí olùdásílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 1927. Prince of Wales College ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, kó tó di Achimota School.

Ilé ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé nílò ilẹ̀ tó pọ̀. Láàárín ọdún 1921 sí 1927, ìjọba gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé Owoo lápá àríwá ìlú Accra.

Ilé ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé tún ní láti dáná. Kò sí gáàsì nígbà náà, kò sì sí iná mànàmáná tí ilé ìdáná ńlá bẹ́ẹ̀ lè gbójú lé. Lọ́dún 1930, ìjọba kéde apá kan ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí igbó ọba, wọ́n sì gbin igi sí i kí ilé ẹ̀kọ́ náà lè máa rí igi dá. Ọdún yẹn gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Kwame Nkrumah parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ìjọba pe igbó náà nínú ìwé ni oko igi ìdáná Achimota. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹyẹ nínú rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tútù tàbí ojú ọjọ́ tó ń yí padà. Nígbà tí E.I. 144 jáde lọ́dún 2022, orúkọ oko igi ìdáná náà ló ṣì wà lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbé igi níbẹ̀ lọ sí ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́.

Orúkọ Achimota fúnra rẹ̀ ti wà ṣáájú ilé ẹ̀kọ́. Ìtàn tí àwọn ará Ga máa ń sọ ni pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni ibi tí wọn kì í ti dárúkọ èèyàn, nítorí pé àwọn ẹrú tó sá lọ́wọ́ olówó wọn máa ń fara pamọ́ sínú igbó ibẹ̀. Ẹni tó bá pe orúkọ wọn sókè lè fi wọ́n hàn fún àwọn tó ń wá wọn.

Ìjà tó ti wà nílẹ̀ kí Achimota tó dé

Ìdílé Owoo kọ́ ni àkọ́kọ́ tó máa bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fa ọ̀rọ̀ igbó ní Gold Coast. Kí wọ́n tó gbin igi kankan sí Achimota ni àwọn ọ̀mọ̀wé àti ọba alayé ti bá wọn ṣe é.

Lọ́dún 1897, wọ́n dá ẹgbẹ́ Aborigines' Rights Protection Society sílẹ̀ ní Cape Coast láti tako òfin ilẹ̀ tí ìjọba fẹ́ ṣe. Ìbẹ̀rù wọn kò le: wọ́n rò pé bí ìjọba bá ti lè pe ilẹ̀ tí ẹnìkan kò dáko sí ní ilẹ̀ tí kò ní olówó, ilẹ̀ tí ìdílé fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí yóò di ti ìjọba. Wọ́n bá ìjọba jà títí wọ́n fi gbé òfin náà jù sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ náà padà wá, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí igbó ni wọ́n fi ṣe ojú. Lọ́dún 1908, ìjọba ránṣẹ́ pe H. N. Thompson, ọ̀gá àwọn tó ń bójú tó igbó ní Gúúsù Nàìjíríà, pé kó wá wo igbó Gold Coast. Àwọn Yorùbá ti mọ irú iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ yìí ń ṣe nígbà náà. Igbó Olókemèjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, wà lára àwọn igbó àkọ́kọ́ tí ìjọba amúnisìn fọgbà yí ká ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní igbó ọba. Ọba tí wọ́n ní lọ́kàn kì í ṣe ọba ìlú wọn.

Lọ́dún 1909, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Gold Coast. Àbá òfin igbó tẹ̀lé e lọ́dún 1910 àti 1911. Agbẹjọ́rò àti akọ̀ròyìn J. E. Casely Hayford àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta kò ó, wọ́n sì gbé ẹ̀hónú wọn dé London. Òfin náà kò ṣiṣẹ́.

Nígbà tí òfin igbó tó dúró wá dé lọ́dún 1927, ìjọba ti kọ́gbọ́n díẹ̀. Òfin náà jẹ́ kí ilẹ̀ tí wọ́n fi ṣe igbó ọba ṣì jẹ́ ti àwọn onílẹ̀, nígbà tí ìjọba yóò máa ṣàkóso ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Lórí bébà, onílẹ̀ ṣì ni onílẹ̀. Ní ti gidi, ẹni tí kò lè gé igi, tí kò lè dáko, tí kò sì lè dẹ pàkúté lórí ilẹ̀ rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ, kí ló kù tó fi jẹ́ onílẹ̀?

Ti Achimota tún yàtọ̀ sí èyí. Wọn kò fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún onílẹ̀ lórí bébà pàápàá. Ìjọba ti gbà á pátápátá fún ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ di igbó. Ìdí rèé tí ìdílé Owoo fi ń béèrè láti ọdún yìí wá pé bí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gba ilẹ̀ náà bá ti kọjá lọ, kí wọ́n dá a padà.

Igbó ń dín kù, ọ̀nà ń fẹ̀

Nǹkan bíi 500 hẹ́kítà ni igbó náà nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀. Nígbà tó fi máa di àsìkò awuyewuye ọdún 2022, ohun tí iléeṣẹ́ tó ń bójú tó igbó máa ń sọ pé ó kù kò ju nǹkan bíi 360 hẹ́kítà lọ.

Kì í ṣe tálákà tó ń wá ibi tó máa gbé nìkan ló jẹ igbó náà. Ìjọba fúnra rẹ̀ mú nínú rẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ tó gba Tetteh Quarshie kọjá lọ sí Apenkwa wà létí igbó náà, ilé àti iléeṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù lẹ́bàá ọ̀nà bíi koríko lásìkò òjò.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìjọba tuntun fún ààrẹ, tí wọ́n ń pè ní Jubilee House báyìí, ọgbà ẹranko Accra ló wà lórí ilẹ̀ náà. Wọ́n kó lára àwọn ẹranko náà lọ sí Achimota. Igbó tí wọ́n gbìn fún ìdáná wá di ibùgbé àwọn ẹranko tí ààfin ààrẹ lé kúrò.

Àwọn ará ìlú náà ní ohun tí wọ́n ń fi igbó náà ṣe. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ẹlẹ́sìn Kristẹni ti sọ abẹ́ igi ibẹ̀ di ibi àdúrà. Àwọn mìíràn ń gbààwẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹni tó bá mọ orí òkè àdúrà ní ilẹ̀ Yorùbá yóò mọ irú ariwo àdúrà tí à ń sọ. Ní ìlú tí àyè ti há mọ́ èèyàn, igbó ọ̀fẹ́ tó dákẹ́ kì í ṣe ohun kékeré.

Ní oṣù kan náà tí E.I. 144 jáde, ìwé kan tún gba orí ayélujára. Wọ́n ní ìwé ìpíngún Kwadwo Owusu Afriyie ni, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sir John, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ tó ń bójú tó igbó ní Ghana títí tó fi kú lọ́dún 2020. Ìwé náà mẹ́nu ba ilẹ̀ ní igbó Achimota àti ní Sakumono gẹ́gẹ́ bí ohun tó fi sílẹ̀ fún àwọn èèyàn rẹ̀. Mínísítà Jinapor pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ilẹ̀ má ka irú ìní bẹ́ẹ̀ sí, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà pàtàkì tó ń gbógun ti ìwà àjẹbánu sì ní àwọn yóò ṣèwádìí.

Fún ọ̀pọ̀ ọmọ Ghana, ìwé méjèèjì yìí ló so ọ̀rọ̀ pọ̀. Wọn kò gbàgbọ́ mọ́ pé ti ìdílé Owoo nìkan ni ọ̀rọ̀ náà. Ó sì ṣe ìdílé náà ní ibi, nítorí pé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ti ń bẹ̀ tipẹ́ wá wọ inú ìfura tí wọn kò dá sílẹ̀.

Àwọn tí wọ́n lé kúrò lórí òkè

Bí èèyàn bá gba ọ̀nà Akosombo jáde ní Accra, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí àwọn òkè kan tó dìde láàárín pápá. Àwọn ọ̀bọ ńlá máa ń jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà níbẹ̀, tí wọ́n ń retí kí awakọ̀ ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí wọn. Òkè Shai nìyẹn, ọgbà ẹranko tí ìjọba ń tọ́jú, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 51 kìlómítà níbùú lóròó.

Àwọn Shai, tí wọ́n ń sọ èdè Dangme, ló ń gbé lórí òkè wọ̀nyí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àpáta ni odi wọn. Nígbà tí ogun àti ìkónilẹ́rú ń jà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá wà lókè ló ń rí ọ̀tá kó tó dé. Àwọn Yorùbá tó mọ ìtàn Olúmọ, òkúta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ rẹ̀, kò ní nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Àwọn obìnrin Shai tún lókìkí fún ìkòkò mímọ, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti rí àfọ́kù ìkòkò wọn rẹpẹtẹ lórí òkè náà.

Lọ́dún 1892, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé wọn sọ̀kalẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni gómìnà William Brandford Griffith lé àwọn Krobo, tí wọ́n jẹ́ ìbátan Shai, kúrò lórí òkè tiwọn, tí wọ́n sì ṣe òfin tó ka díẹ̀ nínú àwọn òrìṣà wọn àti ààtò ìwọ̀bìnrin Dipo léèwọ̀. Ìdí tí ìjọba sọ kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú igi tàbí ẹranko. Àṣà àti òrìṣà tó wà lórí òkè ni wọ́n fẹ́ fòpin sí, wọ́n sì tún fẹ́ kí àwọn èèyàn náà wá sí ibi tí ọwọ́ ìjọba lè tètè tó wọn.

Àwọn Shai tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀, ní Dodowa àtàwọn ìlú mìíràn yíká òkè. Ojúbọ wọn àti ibojì àwọn baba ńlá wọn kù sókè.

Aádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, lọ́dún 1962, ìjọba Ghana tó ti gba òmìnira, lábẹ́ Nkrumah, kéde òkè náà gẹ́gẹ́ bí ọgbà ẹranko. Wọ́n fi ilẹ̀ kún un lọ́dún 1973. Nígbà náà, kò sí ẹni tó ń gbé orí òkè mọ́, ó sì rọrùn láti kọ ọ́ sínú ìwé pé igbó lásán ni. Bẹ́ẹ̀, ìjọba ló sọ ọ́ di igbó lásán.

Irú èyí kì í ṣe ti Ghana nìkan. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n dá ọgbà Yellowstone sílẹ̀ lọ́dún 1872, wọ́n lé àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń ṣọdẹ níbẹ̀ jáde. Ní Tanzania, wọ́n kó àwọn Maasai kúrò ní Serengeti lọ́dún 1959 kí ibẹ̀ lè jẹ́ ti ẹranko. Ohun tó mú ti Shai yàtọ̀ ni pé ìjọba méjì tó takora ló ṣe é, ní ìgbà méjì, fún ìdí méjì tí kò jọra. Àbájáde rẹ̀ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀ òkè jẹ́ ọ̀kan náà.

Lónìí, àwọn Shai máa ń gòkè lọ ṣe ètùtù ọdọọdún ní ojúbọ wọn. Àṣẹ àwọn alákòóso ọgbà ni wọ́n fi ń wọlé. Ihò àpáta tí àwọn baba ńlá wọn ti sá fún ogun ti di ibi tí afinimọ̀nà ń mú àwọn arìnrìnàjò afẹ́ lọ wo àdán. Wọn kò gbọ́dọ̀ ṣọdẹ, wọn kò gbọ́dọ̀ gé igi. Àmọ́ níta ọgbà náà, àwọn iléeṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta ń bu àwọn òkè àdúgbò jẹ.

Ẹnì kan lè sọ pé bí kò bá sí ọgbà náà, òkúta ojúbọ gan-an ìbá ti di àfọ́kù tí wọ́n fi ń kọ́lé ní Accra. Òótọ́ wà nínú ìyẹn. Àwọn àgbọ̀nrín tó ṣì wà níbẹ̀ àti igbó tó ṣì bo òkè náà kì bá má sí. Ọgbà tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Shai náà ló ń dáàbò bo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè sọ ọ̀kan kó má sọ èkejì.

Ẹyẹ tó ti Britain wá

Ọ̀sà Sakumo wà láàárín Accra àti Tema. Òrìṣà ni Sakumo jẹ́ fún àwọn ará Ga, ọ̀sà náà sì ní èèwọ̀ tirẹ̀ kó tó ní òfin ìjọba. Àwọn àsìkò kan wà lọ́dún tí wọn kì í pẹja níbẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ẹja epiya rí àyè bímọ. Ẹyẹ dúdú kan tún wà tó jọ lékeléke, tó máa ń na ìyẹ́ méjèèjì bo orí bí agboòrùn nígbà tó bá ń wá ẹja nínú omi. Ẹyẹ ọ̀wọ̀ ni wọ́n kà á sí níbẹ̀, wọn kì í pa á.

Nítorí náà, ààbò wà lórí ọ̀sà yìí kí ẹnikẹ́ni tó ti òkèèrè dé. Irú ààbò yìí náà ló pa igbó Ọ̀ṣun mọ́ ní Òṣogbo kí àjọ UNESCO tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2005.

Ìdí tí Sakumo fi di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ tún jẹ́ ti ẹyẹ mìíràn. Ẹyẹ òkun funfun kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní roseate tern. Ó máa ń pamọ ní Britain àti Ireland, tí òtútù bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, á gbéra lọ sí etíkun Ghana. Láàárín ọdún 1970 sí 1990, iye rẹ̀ dín kù gan-an ní Yúróòpù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tọpa rẹ̀, wọ́n rí i pé lára ohun tó ń pa á ni okùn tí àwọn ọmọdé ń dẹ sí etíkun Ghana.

Lọ́dún 1985, ìjọba Ghana àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ láti Britain bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan láti gba àwọn ẹyẹ etíkun là. Wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ nílé ìwé ní àwọn ìlú apẹja. Wọ́n sì ń ka àwọn ẹyẹ tó wà ní ọ̀sà kọ̀ọ̀kan. Kíkà yìí ló fi hàn pé etíkun Ghana ṣe pàtàkì fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ tó ń rìnrìn àjò láàárín Yúróòpù àti Áfíríkà.

Ghana ti wọ àdéhùn Ramsar lórí ilẹ̀ olómi lọ́dún 1988, ìyẹn àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Ramsar ní Iran lọ́dún 1971. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1992, wọ́n fi ibi márùn-ún létíkun kún àkójọ náà. Sakumo, tó fẹ̀ díẹ̀ ju 1,300 hẹ́kítà lọ, wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnu odò Densu lápá ìwọ̀ oòrùn Accra, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iyọ̀. Òfin ìjọba tó ṣàlàyé ohun tí èèyàn lè ṣe níbẹ̀ jáde lọ́dún 1999. Láti ìgbà náà, "Ramsar" ti di orúkọ àdúgbò lẹ́nu àwọn ará Accra àti Tema, kódà lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ pé ìlú kan wà ní Iran tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará Tema kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ pé ìjọba nílò ilẹ̀ wọn. Lọ́dún 1952 ni ìjọba gba ilẹ̀ ńlá níbẹ̀ fún èbúté tuntun, wọ́n sì kó àwọn apẹja lọ sí Tema Manhean lọ́dún 1959. Ilé iṣẹ́ rọ́pò abúlé. Omi ìdọ̀tí láti inú ìlú tuntun náà àti láti Accra wá ń ṣàn sínú ọ̀sà tí èèwọ̀ ti ń dáàbò bò. Òrìṣà lè sọ fún apẹja pé kó má ju àwọ̀n sódò, àmọ́ kò sí ẹni tó bi í léèrè nígbà tí wọ́n ń la gọ́tà.

Katakata dé Sakumono

Ilẹ̀ olómi ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún ìlú tó yí i ká. Bí òjò bá rọ̀, ibẹ̀ ni omi ń lọ dúró sí kó tó wọ òkun. Accra sì mọ ohun tí omi lè ṣe. Ní ọjọ́ Kẹta oṣù Kẹfà ọdún 2015, omíyalé àti iná tó jó ní ilé epo kan ní Kwame Nkrumah Circle pa èèyàn tó lé ní 150.

Síbẹ̀, ilé ń wọ inú ilẹ̀ Sakumo lọ́dọọdún. Àwọn tó kọ́ ọ kò fi òru kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ wọn ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ní ìdílé àwọn ló ni ín, wọ́n gba ìwé, wọ́n sì rí iná mànàmáná fà wọ ilé wọn. Ní Accra, ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ lè bá ìdílé méjì, ọba kan àti iléeṣẹ́ ìjọba pàdé lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo, kí gbogbo wọn sì máa sọ pé ti àwọn ni.

Ní oṣù Keje ọdún 2022, mínísítà ẹkùn Greater Accra, Henry Quartey, kó àwọn agbófinró àti katakata lọ sí ilẹ̀ Ramsar ní Sakumono. Wọ́n wó ilé. Ó ní àwọn tó kọ́lé sójú ọ̀nà omi ló ń fa omíyalé fún àwọn yòókù.

Oṣù méjì péré ló wà láàárín ìyẹn àti awuyewuye Achimota. Ní Achimota, ìdí kan pàtàkì tí ìjọba sọ pé kí ilẹ̀ náà jáde nínú igbó ọba ni pé wọ́n ti kọ́lé sórí rẹ̀. Ní Sakumono, ìdí tí katakata fi dé ni pé wọ́n ti kọ́lé sórí rẹ̀.

Ìjọba lè sọ, kì í sì í ṣe irọ́, pé igbó kì í ṣe ọ̀nà omi, àti pé ilé tó wà létí ọ̀nà márosẹ̀ ní Achimota kò ní fa omi wọ ilé ẹlòmíràn. Àmọ́ ẹni tí wọ́n wó ilé rẹ̀ ní Sakumono kò ní ṣàì wo irú ilé tó wà ní Achimota, kó sì wo tirẹ̀.

Ta ni ará àdúgbò?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn orílẹ̀èdè àgbáyé fẹnu kò ní Montreal pé kí wọ́n dáàbò bo ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ àti òkun ayé kó tó di ọdún 2030. Wọ́n fi kún un pé wọ́n gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ àti àwọn ará àdúgbò.

Ghana ti gbìyànjú irú èyí ṣáájú. Láti bíi ọdún 2000 ni wọ́n ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní CREMA, tó fún àwọn abúlé láǹfààní láti máa ṣàkóso igbó àti ẹranko ilẹ̀ wọn, kí èrè rẹ̀ sì máa wọlé sọ́dọ̀ wọn. Òfin tuntun lórí ẹranko igbó, tó jáde lọ́dún 2023, fi ẹsẹ̀ ètò náà múlẹ̀.

Abúlé ni wọ́n ṣe ètò yìí fún, níbi tí ojú ti mọ ojú, tí gbogbo èèyàn sì mọ ààlà oko ara wọn. Ní Accra, ó ṣòro láti mọ ẹni tí wọ́n máa pè sí ìpàdé. Ṣé ìdílé Owoo tó ní ilẹ̀ kó tó di ọdún 1921 ni, àbí obìnrin tó ń gbààwẹ̀ lábẹ́ igi lónìí? Ṣé apẹja Tema tó mọ èèwọ̀ ọ̀sà ni, àbí ẹni tó fi owó ọ̀yà ogún ọdún ra ilẹ̀ ní Sakumono, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ pé kó kó ẹrù rẹ̀ jáde?

Ní ti àwọn Shai, ìyẹn kò le. Wọ́n mọ ara wọn, wọ́n mọ òkè wọn, àwọn alákòóso ọgbà náà sì mọ̀ wọ́n. Ní gbogbo ọdún tí àsìkò ètùtù bá tó, wọ́n á béèrè fún àṣẹ, wọ́n á gòkè, wọ́n á sì sọ̀kalẹ̀ padà sí Dodowa.